Ohun Tí Kò Sí Nínú Àyọkà

Ilé Akínladé,
Àpáta, Jos.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kìíní, ọdún 2024.

Dáníẹ́lì ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù ilẹ̀ òyìnbó ò tíì sọ ọ́ di yìnyín? Tiwa náà ò kéré níhìn-ín o. Ọyẹ́ ọdún yìí le débi pé omi ìwẹ̀ ń bu ni jẹ bí ajá. Dámilọ́lá àbúrò rẹ kí ọ. Gbogbo ará ìjọ ń kí ọ, wọ́n ní kí n béèrè lọ́wọ́ ẹ́ńjínnìà bóyá ó ṣì rántí wa.

Inú ìwé ni mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sí, Dámilọ́lá ló yà á ní fọ́tò tó fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ. Mo mọ̀ pé mo lè pè ọ́. Mo ti ń pè ọ́ náà. Bí mo bá pè, wàá ní, “Màámi, mo wà ní ọ́fíìsì, màá pè yín padà.” Láti oṣù kọkànlá ni mo ti ń retí ìpè yẹn. Ọ́fíìsì yín yìí kì í tì ni? Ilé epo pàápàá ń tì.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí. Màdáámù Philip, tó ni ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ láti ọdún mọ́kàndínlógún, pè wá jọ kí ọdún tó parí. Ó ní òun ò fẹ́ olùkọ́ tí kò níwèé ẹ̀rí mọ́. Ẹni tí kò bá tíì wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ títí oṣù kẹsàn-án, kó máa lọ sílé rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló jókòó tì í, tó ń kọ orúkọ àwa tí kò níwèé sílẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń di pẹ́ńsùlù mú. Ó kọ orúkọ mi dáadáa, kò ṣì í kọ. Mo yin ara mi.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wà tó ń gba àgbàlagbà, ìparí ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń ṣe kíláàsì. Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹfà ni ìdánwò àbáwọlé wọn, Gẹ̀ẹ́sì sì ni gbogbo rẹ̀: àkàyé àti àgbọ́yé. Ti àkàyé, wọ́n á fún èèyàn ní àyọkà kó kà, kó dáhùn ìbéèrè. Ti àgbọ́yé, wọ́n á gbé rédíò ńlá kan síwájú gbọ̀ngàn, òyìnbó á máa sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ bí ẹni tí imú rẹ̀ dí, ẹ̀ẹ̀mejì péré, ó parí. Gẹ̀ẹ́sì tèmi, o mọ̀ ọ́n. Gẹ̀ẹ́sì jókòó, ká ọwọ́ rẹ, ta ló na ọmọ yìí ni. Ìyókù, Hausa ni mo fi ń kọ́ wọn.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń tọrọ, kì í sì í ṣe owó. Jọ̀wọ́, bá mi ka àyọkà Gẹ̀ẹ́sì sínú fóònù bí àwọn tó yí ọ ká ṣe ń sọ ọ́, kí n máa gbọ́ ọ, kí etí mi lè mọ́ ọn lára. Bí mo bá fìdí rẹmi, iṣẹ́ ti lọ nìyẹn. Mo ti di ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. Ta ni yóò tún gbà mí síṣẹ́?

Èmi ni ìyá rẹ, tó bí ọ kí ọ́fíìsì tó gbà ọ́,
Ojúọlápé.


Leeds.
Ọjọ́ ogún, oṣù kejì.

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ọyẹ́. Mo rí lẹ́tà yín, mo sì kà á dáadáa. Ẹ má bínú pé mo pẹ́, iṣẹ́ ọ́fíìsì ló pọ̀.

Inú mi dùn gidigidi láti gbọ́ pé Dámilọ́lá fẹ́ ṣe ìdánwò àbáwọlé. Ẹ bá mi sọ fún un kó fojú sí ìwé, kó dín fóònù títẹ̀ kù, kó sì fi àwọn ọmọkùnrin sílẹ̀ ná. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Màdáámù Philip fún ìrànlọ́wọ́ tó ń ṣe lórí ọ̀rọ̀ náà. Irú wọn ò pọ̀ mọ́.

Mo ti fi àpò ìwé kan rán Bùrọ̀dá Olúmúyìwá tó ń bọ̀ wálé. Pẹ́ńsùlù àti rọ́bà wà nínú rẹ̀ fún Dámilọ́lá. Mo fi owó díẹ̀ sí i fún ẹ̀yin náà. Ẹ máa tọ́jú ara yín.

Ọmọ yín,
Dáníẹ́lì.


Àpáta, Jos.
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta.

Ọ̀gbẹ́ni Dáníẹ́lì Akínladé,

Mo kí ọ o, ọ̀mọ̀wé. Lẹ́tà rẹ dé. Àpò náà dé. Ó pupa fẹ́ẹ́ bí ẹnu ọmọ ológbò, ẹṣin oníwo kan sì wà lára rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹṣin náà kí ọ. Mo bá ọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Màdáámù Philip bí o ṣe wí. Ó wò mí tìyanutìyanu, ó ní oṣù kẹsàn-án ò ní í pẹ́ dé.

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ á di odindi. Èmi kọ odindi sí ọ, ìdajì ò dénú rẹ. Dámilọ́lá tí o ní kó fi àwọn ọmọkùnrin sílẹ̀ ti wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì. Nígbà tó ka lẹ́tà rẹ, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, “Màámi, bùrọ̀dá ò mọ̀ pé mo ti wọlé.” Kí ni kí n sọ fún un? Mo ní ọ́fíìsì ni.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Mállàm Lááwàlì, òun ló ń kọ́ àwa tó fẹ́ ṣe ìdánwò yìí ní Dogon Dutse. Ó ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe ìbéèrè àkàyé, mo sì ti ṣe díẹ̀ fún ọ. Ka lẹ́tà mi ti ọjọ́ kẹjọ oṣù kìíní lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o dáhùn ìwọ̀nyí.

Ìbéèrè kìíní. Ta ló fẹ́ ṣe ìdánwò? A, Dámilọ́lá. B, Màdáámù Philip. C, ìyá tó bí ọ. D, ẹṣin oníwo.

Ìbéèrè kejì. Kí ni òǹkọ̀wé tọrọ? A, owó. B, àpò. C, ohùn ọmọ rẹ̀. D, kò tọrọ nǹkan kan, ó kàn máa ń wù ú láti kọ̀wé nínú ọyẹ́ ni.

Ìbéèrè kẹta. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí òǹkọ̀wé bó bá fìdí rẹmi? Èyí ò ní A, kò ní B. Fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ dáhùn.

Àpò náà ni mo ń gbé lọ sí Dogon Dutse báyìí, nítorí n kì í fi nǹkan ṣòfò. Àwọn ọmọ ogún ọdún tí a jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ó bá mi mu. Ọlá ńlá ni.

Ìyá rẹ, tó ń retí èsì,
Ojúọlápé.


Leeds.
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹta.

Màámi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. C ni, C sì tún ni. Ti ìkẹta: iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ yín, èmi á sì di ẹni tí a ń nàka sí láti Àpáta dé abúlé Du. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún mi lódo. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka lẹ́tà yín, ojú kan ni mo fi kà á, oorun wà lójú kejì. Mo ti kọ̀wé sí Dámilọ́lá lọ́tọ̀, mo ti bẹ̀ ẹ́. Kò tíì dáhùn.

Mo ti ka àyọkà mẹ́rin sínú fóònù, ẹ máa rí wọn pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ibi iṣẹ́ ni mo ti kà wọ́n, lásìkò ìsinmi, torí àwa mẹ́fà la jọ ń gbé ilé kan, ariwo pọ̀ níbẹ̀.

Ìmọ̀ràn kan péré ni mo ní. Nínú àkàyé, wọn ò bi yín léèrè ohun tí ẹ mọ̀. Ohun tí àyọkà sọ ni kẹ́ ẹ mú. Bí àyọkà bá ní ewúrẹ́ ń fò lójú ọ̀run bí ẹyẹ, ewúrẹ́ ń fò nìyẹn. Ẹ má bá a jà, Màámi. Mo mọ̀ yín.

Ọmọ yín tó ti ronú pìwà dà,
Dáníẹ́lì.


Àpáta, Jos.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta.

Dáníẹ́lì,

Ṣé ìwọ lò ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù yẹn? Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ti jí i lọ́wọ́ rẹ ni. Ọmọ tí mo bí sí Àpáta, tó ń fi Hausa bú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ títí bàbá rẹ̀ fi lé e wọlé pẹ̀lú pàṣán, òun ló wá ń fi imú sọ Gẹ̀ẹ́sì. Dámilọ́lá ní o dà bí ẹni tó ki iṣu gbígbóná bọ ẹnu. Má bínú sí i, ó ti ń bá ọ yanjú ọ̀rọ̀ náà díẹ̀díẹ̀ nìyẹn. Èmi gbádùn rẹ̀. Àárọ̀ ni mo ń gbọ́ ọ, bí mo bá ń gbálẹ̀ kíláàsì.

Ti àkàyé ni kò lọ dáadáa. Wọ́n fún wa ní àyọkà kan lórí Ọ̀gbẹ́ni kan tó jí lọ pa ẹja, tó fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìkókó láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí kò sì pa ẹyọ ẹja kan. Wọ́n ní irú èèyàn wo ni. Mo mú ọ̀lẹ. Mállàm Lááwàlì fa igi lé e, ó ní onísùúrù ni ìdáhùn. Mo ní ta ló ní sùúrù nínú òun àti ìyàwó rẹ̀? Ó ní, “Haba, Mama! Ohun tí wọ́n kọ ni kẹ́ ẹ mú.” Mo ní irọ́ ni wọ́n kọ. Mẹ́rin nínú mẹ́wàá ni mo gbà. O rí i pé ewúrẹ́ rẹ ò tíì fò lọ́dọ̀ mi.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan. Nínú àyọkà kẹta, níbi tí ò ń ka ti ọlọ́pàá àti ológbò, aago kan dún lẹ́yìn rẹ. Obìnrin kan wá ń pè ọ́, “Daniel! Daniel!” Ohùn rẹ̀ gbó ju tèmi lọ. O dá a lóhùn, o ní, “Mò ń bọ̀, Doris, olólùfẹ́ mi.” Ẹ̀ẹ̀mejìlá ni mo gbọ́ ọ. Gẹ̀ẹ́sì mi lè má pọ̀, àmọ́ n kì í ṣe adití. O ní ibi iṣẹ́ lo wà. Ọ́fíìsì wo ni ọkùnrin ti ń pe ìyá arúgbó ní olólùfẹ́?

Mo ti fi ara balẹ̀ rò ó, bí wọ́n ṣe kọ́ wa, mo sì ti mú ìdáhùn. O ti fẹ́ ìyá àgbà òyìnbó kan nítorí ìwé ìgbélùú. Ọmọ Ìyá Abdulsobur tó wà lójúlé kejì sí wa ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnu gbogbo wa la fi bú u, tìrẹ ló wá kàn báyìí. Ṣé o rò ó dáadáa? Ìyàwó ilé ni í kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ. Èyí tó dàgbà tó ìyá mi ńkọ́? Ṣé èmi ni màá kúnlẹ̀ kí i ni, àbí òun ni yóò kúnlẹ̀ kí mi? Bó bá kúnlẹ̀, ta ni yóò gbé e dìde?

Dá mi lóhùn kíákíá.

Ìyá ọkọ Doris,
Ojúọlápé.


Àpáta, Jos.
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹrin.

Dáníẹ́lì,

Oṣù kan àti ọjọ́ méjì. Mo pè, o ò gbé e. Dámilọ́lá pè, o ò gbé e. Mo kí ọ kú bíbínú.

Ọ̀sẹ̀ méje ló kù sí ìdánwò, kò sì sí àyọkà tuntun. Mẹ́rin yẹn ni mo ń gbọ́ ní àgbọ́túngbọ́. Mo ti mọ ibi tí o ti ń gbé itọ́ mì nínú wọn. Nígbà tí mo wá mọ ọ̀rọ̀ tí ò ń kà sórí tán, etí mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ èyí tí o ò kà. Nínú àkọ́kọ́, wọ́n ń ti nǹkan ẹlẹ́sẹ̀ roboto kọjá. Nínú èkejì, ọkùnrin kan ń húkọ́, ikọ́ àgbà ni. Nínú ẹ̀kẹrin, kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé, o mí kanlẹ̀ bí alábàárù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ àpò sìmẹ́ńtì kalẹ̀. N ò tíì rí ẹni tó ń fi bírò ṣiṣẹ́ tí ń mí báyẹn.

Bí kì í bá ṣe ìyàwó ni Doris, kí ni? Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí, Dáníẹ́lì. Mi ò ní í fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Bínú sí mi tí ó bá tẹ́ ọ lọ́rùn, ṣùgbọ́n bínú sí mi lórí ìwé, kí n lè rí i kà.

Ìyá rẹ.


Leeds.
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù karùn-ún.

Màámi,

Mo bínú lóòótọ́. Mo bínú títí ìbínú náà fi sú èmi fúnra mi. Ẹ jẹ́ kí n máàkì iṣẹ́ yín.

Òdo ni ẹ gbà lórí ọ̀rọ̀ Doris. Kì í ṣe ìyàwó mi. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni. Níhìn-ín, olólùfẹ́ ni wọ́n ń pe gbogbo ayé. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ní irùngbọ̀n dé àyà ń pè mí bẹ́ẹ̀ láràárọ̀, a ò sì tíì ṣe ìgbéyàwó. Àṣìṣe tí ẹ ń ṣe nínú àkàyé náà lẹ ṣe: ohun tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ lẹ fi dáhùn.

Ṣùgbọ́n lórí bí mo ṣe mí, máàkì yín pé.

Kò sí ọ́fíìsì, Màámi. Kò fìgbà kan sí. Ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti dé. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń fún wọn lóúnjẹ, mò ń pààrọ̀ aṣọ wọn bí wọ́n bá tọ̀ sára. Nǹkan ẹlẹ́sẹ̀ roboto tí ẹ gbọ́, kẹ̀kẹ́ arọ ni. Kí ni kí n sọ fún yín? Gbogbo ìjọ ló dìde lọ́jọ́ tí wọ́n gbàdúrà fún mi. Ẹ ti sọ fún gbogbo Àpáta pé ọmọ yín ń lọ ṣe ẹ́ńjínnìà nílẹ̀ òyìnbó. Ojú ń tì mí, ìyẹn ni mo ṣe ń sá fún fóònù yín. Ó sì rẹ̀ mí. Ó rẹ̀ mí gan-an, Màámi. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ojoojúmọ́ ni Doris máa ń bi mí bóyá ìyá òun ti ń bọ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fún un pé ó ti wà lọ́nà. Ọjọ́ tí mo sọ bẹ́ẹ̀ tí fóònù yín sì ń dún nínú àpò mi tí mi ò gbé e, ìyẹn ni mo jókòó tí mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí.

Ẹ gbọ́ èyí. Ọdún méjìdínlógójì ni Doris fi kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Ó gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbàgbé ìwé kíkà. Mo sọ fún un pé ìyá mi ń múra ìdánwò sílẹ̀, pé olùkọ́ bíi tirẹ̀ ni. Ó gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó ní kíkà mi ò dáa. Mẹ́fà ló kà fún yín. Wọ́n wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Ọmọ yín,
Dáníẹ́lì.


Àpáta, Jos.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù karùn-ún.

Àlàó, ọmọ mi,

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ojú kan ni mo fi kà á. Mo sunkún. Nígbà tí mo sunkún tán, inú bí mi.

Kì í ṣe nítorí iṣẹ́. Ta ló sọ fún ọ pé ẹni tó ti ń nu ìdí ọmọ ọlọ́mọ láti ọdún mọ́kàndínlógún yóò fi ọ́ ṣẹ̀sín pé ò ń nu ìdí àgbà? Iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe. Èmi ń gbà wọ́n níbẹ̀rẹ̀, ìwọ ń gbà wọ́n nígbẹ̀yìn. Ohun tó bí mi nínú ni pé ìwọ nìkan lo gbé e fún ìgbà pípẹ́ bẹ́ẹ̀, tí èmi wà níhìn-ín tí mò ń fi ọ́fíìsì yangàn. Ó sì tún yà mí lẹ́nu. Ìwọ tó o máa ń fò fèrèsé sá bí mo bá ní kí o fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀!

Ti Àpáta, má dà á láàmú. Èmi ni mo fi ọ́ jẹ ẹ́ńjínnìà, èmi náà ni mo rọ̀ ọ́ lóyè. Mo sọ ọ́ fún Ìyá Abdulsobur láàárọ̀, kò sì sí ìdí láti sọ ọ́ fún ẹlòmíràn mọ́. Kí n tó délé, wọ́n ti ń kí mi láti òkèèrè pé, “Sannu, Mama, a gbọ́ pé Dáníẹ́lì ń tọ́jú àwọn arúgbó.” Ẹni kan ti ń béèrè bóyá wọ́n máa gba ìyá ọkọ òun síbẹ̀.

Ìyáàfin Doris mọ̀wé kà. Ó ń dúró níbi tó yẹ kó dúró, ó sì ń pe ọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ̀ pé ọmọdé ló ń gbọ́. Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni mo gbà lọ́wọ́ Mállàm Lááwàlì lórí àgbọ́yé lánàá, ó ní ta ló ń kọ́ mi. Mo ní ìyàwó ọmọ mi ni. Sọ fún Ìyáàfin náà pé mo kúnlẹ̀ kí wọn. Ọ̀rọ̀ ẹni tó máa kúnlẹ̀ ti yanjú.

Máa gbé fóònù mi. Bó bá rẹ̀ ọ́, sọ pé ó rẹ̀ ọ́.

Ìyá rẹ,
Ojúọlápé.


Leeds.
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹfà.

Màámi,

Ọ̀tunla ni. Ẹ jẹun kí ẹ tó lọ. Ẹ má gbàgbé pẹ́ńsùlù. Mo ti tọrọ àyè lọ́jọ́ náà kí n lè máa gbàdúrà fún yín, ọ̀gá mi ní ṣé ọmọ mi ló fẹ́ ṣe ìdánwò ni, mo ní ó jọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má bá àyọkà jà. Iṣẹ́ ọdún mọ́kàndínlógún ló wà níbẹ̀. Ewúrẹ́ ń fò, Màámi. Ó ń fò fíìfíì.

Doris ní kí ẹ jókòó nàró.

Dáníẹ́lì yín.


Àpáta, Jos.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù keje.

Dáníẹ́lì ọmọ mi,

Mo mọ̀ pé Dámilọ́lá ti sáré pè ọ́ pé mo wọlé, kò sì sí ohun tí èèyàn lè fi pa mọ́ sínú ilé yìí. Lóòótọ́ ni, mo wọlé. Màdáámù Philip dì mọ́ mi, ó ní òun ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé màá yege. Bó ti mọ̀ tó ló ṣe ní kí ọmọ rẹ̀ kọ orúkọ mi sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ti fi bírò pupa fa igi lé e báyìí, igi náà tún gún régé. Olùkọ́ rere ni mí.

Ṣùgbọ́n Dámilọ́lá ò mọ gbogbo rẹ̀. Àádọ́ta ni wọ́n ń béèrè nínú ọgọ́rùn-ún. Àádọ́ta géérégé ni mo gbà. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ní àgbọ́yé, mẹ́tàdínlógún péré ní àkàyé. Ẹni tó sọ̀rọ̀ nínú rédíò ò tó Ìyáàfin Doris rárá, ó ń kánjú bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀, síbẹ̀ mo ń gbọ́ ọ. Bá mi sọ fún wọn.

Àkàyé ni kí o gbọ́. Àyọkà tó kẹ́yìn, ilé àwọn arúgbó ni. Mo rò pé ojú mi ló ń tàn mí jẹ. Wọ́n ní òdòdó wà lójú gbogbo fèrèsé, wọ́n ní àwọn arúgbó ń rẹ́rìn-ín, àwọn tó ń tọ́jú wọn náà ń rẹ́rìn-ín láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìbéèrè wá ní, gẹ́gẹ́ bí àyọkà náà ṣe sọ, báwo ni iṣẹ́ yìí ṣe rí lára àwọn tó ń ṣe é? A, inú wọn ń dùn nígbà gbogbo. B, ó ń rẹ̀ wọ́n. C àti D ò já mọ́ nǹkan kan.

Mo mọ̀ pé A ni. Kí o má rò pé n kò mọ̀. Mo rántí ewúrẹ́ rẹ, mo rántí ẹ̀bẹ̀ rẹ, mo rántí Màdáámù Philip àti oṣù kẹsàn-án. Mo ti fi pẹ́ńsùlù rẹ kun A dúdú. Mo wá ṣe bí ẹni fẹ́ ṣí ìwé sí ojú ewé kejì, ni mo bá gbọ́ bí o ṣe mí kanlẹ̀ nínú àyọkà kẹrin yẹn, bí ẹni pé o jókòó tì mí nínú gbọ̀ngàn. Mo mú rọ́bà nínú àpò ẹlẹ́ṣin. Mo pa A rẹ́. Mo kun B.

Mállàm Lááwàlì gbọ́ ọ, ó gbá orí mú. “Kai, Mama! Bó bá lọ jẹ́ mọ́kàndínláàádọ́ta ńkọ́? Ẹ mọ ìdáhùn, ẹ tún pa á rẹ́!” Mo mọ̀ pé ohun tí ìwọ náà máa sọ nìyẹn, nítorí náà má ṣòfò ìwé.

Bó bá jẹ́ mọ́kàndínláàádọ́ta ni, iṣẹ́ mi ì bá ti lọ, mi ò sì ní í purọ́, ǹ bá sunkún. Ǹ bá sì gbé àpò mi padà lọ sí Dogon Dutse lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè torí máàkì kan fọwọ́ ara mi kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò rẹ ọmọ mi.

Ìyá rẹ, akẹ́kọ̀ọ́,
Ojúọlápé.